Bọ̀gìnnì Lọ, Jíìpù Dé: Ìtàn Ọ̀nà Kan ní Ìjẹ̀bú

Ọ̀rọ̀ mọ́tò la fẹ́ sọ lónìí. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn tó ní mọ́tò nìkan ni o. Ẹni tó ń wọ ọ̀kadà àti ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn wà nínú rẹ̀ dáadáa.

Bí òkú àgbà bá wà nílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin, tó di ọjọ́ tí àwọn ọmọ olóòkú ń wọlé láti Èkó, láti Ìbàdàn, láti Abuja, ẹ lọ dúró sí ẹ̀bá títì kí ẹ máa ka mọ́tò. Jíìpù ni ẹ ó máa kà. Nígbà tí mo wà ní kékeré, kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ Ìmùṣin tó bá rí towó ṣe, bọ̀gìnnì ló máa ń gbé wálé: onílẹ̀kùn méjì, onímú gígùn, tí ìdí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọ́ nílẹ̀. Àwa ọmọdé á sáré tẹ̀ lé e títí dé ẹnu ọ̀nà ilé wọn, eruku á bò wá, inú wa á sì máa dùn. Níbo ni gbogbo bọ̀gìnnì yẹn wọlé sí?

Ìdáhùn tí mo máa ń gbọ́ ni pé fáàrí ló fà á. Wọ́n ní Ìjẹ̀bú fẹ́ràn kí ayé rí òun, jíìpù ló sì ga jù, òun ni ojú kọ́kọ́ ń rí. Mi ò ní fáàrí ò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá ti dé Ojúde Ọba rí, ní ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá ní Ìjẹ̀bú-Òde, tó rí bí àwọn ìdílé Balógun ṣe ń gun ẹṣin kọjá níwájú Awùjalẹ̀, á mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí àwa ti mọ iyì kí èèyàn jókòó sókè kí ó máa wo àwọn yòókù nílẹ̀. Ṣùgbọ́n fáàrí kọ́ ló lé bọ̀gìnnì kúrò ní Ìmùṣin. Ṣé bọ̀gìnnì fúnra rẹ̀ kọ́ ni fáàrí? Bó bá jẹ́ fáàrí nìkan ni, à bá má pààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀nà ló lé e. Ìtàn ọ̀nà yẹn ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ orúkọ. "Ayọ́kẹ́lẹ́" ni àwọn bàbá wa ń pe mọ́tò kékeré, ìyẹn ohun tó ń yọ́ lọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ẹ wo orúkọ yẹn dáadáa. Ẹni tó sọ ọ́ kò lè jẹ́ pé inú kòtò ló ti rí mọ́tò. Orí títì tó dán ló ti rí i. Ọkọ̀ èrò onípákó tó ń kó èèyàn àti ẹrù pọ̀ ni wọ́n pè ní bọ̀lẹ̀kájà, torí ariwo àti ìjà tí kì í tán nínú rẹ̀. Bọ̀gìnnì ni ti olówó, mọ́tò ìgbádùn, èyí tó rẹlẹ̀ tó sì ń sáré. Jíìpù ní tirẹ̀, orúkọ ológun ni. Mọ́tò tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ń gùn láti 1941, nínú Ogun Àgbáyé Kejì, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Lónìí ní Nàìjíríà, ohunkóhun tó bá ga lórí táyà tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì dà bí àpótí, jíìpù ni, ì báà jẹ́ Toyota, ì báà jẹ́ Honda. Ilé iṣẹ́ tó ni orúkọ náà ní Amẹ́ríkà á kàn máa wò wá ni.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín àwa Ìjẹ̀bú. Kí òyìnbó tó dé, ọ̀nà ni owó wa. Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ló wà láàárín ọ̀sà àti àwọn ìlú òkè bí Ìbàdàn. Ẹrù tó bá ń lọ, ẹrù tó bá ń bọ̀, ọ̀dọ̀ wa ló ń gbà kọjá, àwọn oníbodè sì ń gba owó lórí rẹ̀. Àlejò kì í dédé gba ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kọjá. Bí ọ̀rọ̀ bá sì dàrú láàárín wa àti àwọn aládùúgbò, a ó ti ọ̀nà pa, ká wo ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe. Ní oṣù kìíní ọdún 1892, Gómìnà Carter ní Èkó mú kí àwọn aṣojú Ìjẹ̀bú gbà pé ọ̀nà á ṣí, kí ìjọba òyìnbó sì máa san 500 pọ́n-ùn lọ́dọọdún fún Awùjalẹ̀ dípò owó bodè. Àdéhùn náà ò pẹ́ tó fi fọ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn kan náà, àwọn ọmọ ogun òyìnbó gúnlẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́, wọ́n gbé ìbọn Maxim lọ́wọ́. Wọ́n bá Ìjẹ̀bú jà ní Ìmágbọ̀n ní ọjọ́ 19, wọ́n sì wọ Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ kejì. Awùjalẹ̀ Túnwàṣe ló wà lórí oyè nígbà náà. Àwọn òpìtàn máa ń to oríṣiríṣi nǹkan jọ gẹ́gẹ́ bí ìdí ogun yẹn, àmọ́ lójú tèmi, ogun ọ̀nà ni.

Ohun tó wá yà mí lẹ́nu ni pé lẹ́yìn tí wọ́n fi ìbọn ṣí ọ̀nà tán, rélùwéè wọn ò gba ọ̀dọ̀ wa. Èkó ló ti gbéra, ó gba Abẹ́òkúta, ó dé Ìbàdàn ní 1901, ó fi Ìjẹ̀bú-Òde sílẹ̀ lápá kan. Ẹni tó bá ń ti Ìmùṣin lọ sí Èkó láyé ìgbà yẹn ní láti rìn dé etí ọ̀sà, ní Ejìnrìn tàbí ní Ẹ̀pẹ́, kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Mo gbà pé ibẹ̀ ni ìfẹ́ mọ́tò ti wọ Ìjẹ̀bú lára. Ẹni tí rélùwéè ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mọ́tò ni yóò fi ṣe rélùwéè.

Mọ́tò ò sì pẹ́ dé. Ní 1906 ni wọ́n la ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ tí mọ́tò lè gbà. Ní 1913, Charlotte Ọlájùmọ̀kẹ́ Ọbasá, ọmọ R. B. Blaize olówó Èkó, dá ọkọ̀ èrò Àǹfààní sílẹ̀ ní Èkó. Ẹ kíyè sí i pé obìnrin ni. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, Timothy Adéọlá Odùtọ́lá, tí wọ́n bí ní 1902, di ọ̀kan nínú àwọn oníṣòwò tó lówó jù nílẹ̀ yìí, ó sì dá ilé iṣẹ́ táyà àti rọ́bà sílẹ̀. Ẹni tó mọ̀ pé mọ́tò ò ní tán lọ́nà á mọ̀ pé táyà ò ní tán lọ́jà.

Ẹ wá jẹ́ ká wo jíìpù fúnra rẹ̀, torí ó ti dé ọ̀dọ̀ wa tipẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe lọ́wọ́ ọmọ ìlú. Ní 1948 ni àwọn òyìnbó Ìlú Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ gbé Land Rover jáde. Láàárín ọdún díẹ̀, òun ni ajẹ́lẹ̀ ń gùn, òun ni ọlọ́pàá ń gùn, òun ni àwọn tó ń ṣọ́ igbó ọba ń gùn. Igbó ọba Ọmọ, tí àwọn èèyàn ń pe apá kan rẹ̀ ní Jéfóò, wà nítòsí wa níbí, ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú kan náà ni. Ọ̀nà gẹdú ò ṣeé fi ayọ́kẹ́lẹ́ gbà. Nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba ní 1966, Land Rover di mọ́tò ṣọ́jà. Ìyá mi àgbà máa ń sọ pé nígbà tiwọn, bí jíìpù bá dúró lójúde, ẹni tó jẹ owó orí á gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Nítorí náà, jíìpù kì í ṣe ohun tí èèyàn ń wù. Ohun tí èèyàn ń sá fún ni.

Mọ́tò tó wu èèyàn ni èyí tó rẹlẹ̀. Ìdí tó fi lè wu èèyàn ni pé, fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọ̀nà gbà fún un.

Ọ̀nà àtijọ́ tó ń gba ilẹ̀ Rẹ́mọ lọ sí Ìbàdàn kò gbà fún un. Ó tóóró, ó sì wọ́, ó ń pa èèyàn. Orí ọ̀nà yẹn ni Adégòkè Adélabù, olórí òṣèlú Ìbàdàn, kú sí nínú ìjàǹbá mọ́tò ní ọjọ́ 25 oṣù kẹta ọdún 1958. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé ni owó epo rọ̀bì dé. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972, gbogbo Nàìjíríà kúrò lápá òsì títì bọ́ sí apá ọ̀tún, bí àwọn orílẹ̀-èdè tó yí wa ká ṣe ń wakọ̀. Ní 1975, ilé iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná àti ti Volkswagen ní Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò jọ nílẹ̀ yìí. Ọdún yẹn náà ni owó Udoji tẹ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba lọ́wọ́, àjẹsílẹ̀ owó oṣù tí wọ́n san lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tí kò ra mọ́tò, ó ra alùpùpù. Ní 1978, wọ́n ṣí títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Títì Ṣàgámù sí Benin sì gba ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kọjá, ó gba ẹ̀gbẹ́ Ìjẹ̀bú-Òde, ó gba Ògbèrè, ó kọjá lọ sí Orẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ kò gbé ayé nígbà yẹn, ẹ lè má mọ ohun tí mò ń sọ. Títì oníbejì, ọ̀dà rẹ̀ ń dán bí bàtà tuntun. Ọmọ Ìjẹ̀bú tó bá jẹun tán ní Èkó lè dé ilé kí oúnjẹ tó dà nínú rẹ̀. Àsìkò yẹn náà ni náírà lágbára ju dọ́là lọ, nítorí náà mọ́tò tuntun láti ilẹ̀ òkèèrè kò kọjá agbára oníṣòwò tó mọ ohun tó ń ṣe. Ọ̀nà tó dán àti owó tó lágbára pàdé ara wọn, bọ̀gìnnì sì jáde. Eré tí wọ́n ń sá lórí títì náà ò kéré. Òkú tó ń sùn lójú títì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba fi dá àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ ní 1988, tí wọ́n sì fi Wọlé Ṣóyínká, tó ti pariwo ọ̀rọ̀ náà tipẹ́, ṣe alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mò ń sunkún ayé àtijọ́ torí pé gbogbo rẹ̀ dára.

Nǹkan méjì ló ba ayé bọ̀gìnnì jẹ́, wọ́n sì jọ rìn ni. Èkíní ni owó. Kí ètò SAP tó dé ní 1986, dọ́là kan ò tó náírà méjì. Lẹ́yìn rẹ̀, náírà ń já bọ́ lọ́dọọdún. Mọ́tò tuntun bọ́ lọ́wọ́ àwọn olùkọ́, àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn oníṣòwò kékeré. Tòkunbọ̀ ló kù. A fún mọ́tò ní orúkọ tí à ń fún ọmọ tí wọ́n bí sí òkè òkun, torí pé ó ti dàgbà níbẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ó ń gba Àpápá wọlé, ó ń gba Kùtọnu àti Ṣẹ̀mẹ̀ wọlé, ó ń gba Ìdìrókò níbí ní Ìpínlẹ̀ Ògùn wọlé, nígbà míì lójú mọmọ, nígbà míì lóru.

Èkejì ni pé ìjọba kọ́ ọ̀nà, kò tún un ṣe. Títì tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1970 sókè, tí ọkọ̀ elépo àti àwọn tírélà ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ lóru lọ́sàn-án, bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Rélùwéè tí ì bá máa kó ẹrù wúwo ti dákú. Nígbà tí a fi máa dé ọdún 2000 sókè, orúkọ Orẹ̀ nìkan tó láti mú kí ẹni tó ń rìnrìn àjò lọ sí ìlà oòrùn gbàdúrà lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ọ̀nà kéékèèké tó ń ti títì márosẹ̀ wọ àwọn ìlú bí Ìmùṣin burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí kò sí ẹni tó ń ya fọ́tò wọn sínú ìwé ìròyìn. Ìyẹn ni bọ̀gìnnì bá pàdé.

Ṣùgbọ́n báwo ni jíìpù ṣe wá pọ̀ tó láti gba ipò rẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n gbé yín dé Amẹ́ríkà fún ìṣẹ́jú díẹ̀, torí ibẹ̀ ni jíìpù wa ti ṣẹ̀. Lẹ́yìn tí epo wọ́n wọn ní 1973, ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin kan ní 1975 pé kí àwọn ilé iṣẹ́ mọ́tò máa ṣe mọ́tò tí kì í jẹ epo jù. Fún ayọ́kẹ́lẹ́, òfin náà le: nígbà tó di 1985, ó gbọ́dọ̀ máa rin máìlì 27.5 lórí gálọ́ọ̀nù kan. Wọ́n fi ti ọkọ̀ ẹrù kéékèèké sílẹ̀ kó rọrùn, torí àgbẹ̀ àti oníṣẹ́ ọwọ́ ló ń lò ó. Àwọn ilé iṣẹ́ mọ́tò bá gbọ́n: jíìpù wà lábẹ́ òfin ọkọ̀ ẹrù. Láti 1996 títí dé 2004, máìlì 20.7 péré ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n wá ń fi àga aláwọ àti éésì sínú ohun tí òfin kà sí ọkọ̀ àgbẹ̀, wọ́n ń tà á fún ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta tí kò lóko. Ford Explorer jáde ní 1990. Ní Japan, Toyota gbé RAV4 jáde ní 1994, Honda gbé CR-V jáde ní 1995, Lexus RX 300 sì dé Amẹ́ríkà ní 1998. Ohun tí Amẹ́ríkà bá rà lónìí, ẹ fún un ní bí ọdún mẹ́wàá, ẹ ó rí i ní Ìjẹ̀bú-Òde.

Àwọn tó ń ṣòfin níbí náà dá sí i. Ní ayé Ọbásanjọ́, wọ́n ní tòkunbọ̀ tó bá ti lé ní ọdún márùn-ún kò gbọdọ̀ wọlé. Wọ́n sún un sí mẹ́jọ, wọ́n tún ń sún un títí tó fi di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn ló ṣílẹ̀kùn gbayawu. Gbogbo jíìpù tí Amẹ́ríkà rà ní ìparí ọ̀rúndún tó kọjá di èyí tí apá oníṣòwò ewéko àti igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé lè ká.

Ní 2011, èmi náà ṣe pàṣípààrọ̀. Bọ̀gìnnì pupa kan, onílẹ̀kùn méjì, wà lọ́wọ́ mi fún ọdún mẹ́ta. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, ẹjọ́ wọn kọ́. Mo fẹ́ràn mọ́tò náà, mi ò kábàámọ̀ ọjọ́ kan tí mo fi gùn ún. Ṣùgbọ́n láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Ìmùṣin, mo mọ kòtò kọ̀ọ̀kan bí ẹni mọ àwọn ọmọ àbúrò rẹ̀. Òkúta lu ọpọ́n ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Bọ́ńpà iwájú rẹ̀, okùn ni mo fi so ó. Táyà rẹ̀ pẹlẹbẹ tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé irin inú rẹ̀ ló ń gba ìyà. Bí mo bá fẹ́ ra ẹ̀yà ara rẹ̀ kan, àfi kí n lọ sí Ládípọ̀, ní Mushin Èkó. Láti Ìmùṣin dé Mushin, nítorí ṣọ́ọ̀kì! Ọjọ́ tí mẹkáníìkì mi wà lábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta lóṣù kan náà, ó yọ orí jáde, ó ní, "Bọ̀dá, mọ́tò yìí ò ní àrùn kankan o. Ilẹ̀ ló ń bá a jà."

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń ta mọ́tò. Ó yí i ká lẹ́ẹ̀mejì, ó fọwọ́ pa á lára bí ẹni ń kí ọmọ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mọ́tò yín dáa gan-an. Ta wá ni kí n tà á fún?" Ó dá a lé 450,000 náírà. Jíìpù tí mo ń wò wà ní mílíọ̀nù kan àti 650,000. Mo fi mílíọ̀nù kan àti 200,000 lé bọ̀gìnnì mi lórí, a bọ ara wa lọ́wọ́. Ẹ ro iye yẹn wò. Kì í ṣe owó mọ́tò ni mo san. Owó ọ̀nà ni: ilẹ̀ tí ìjọba ò tẹ́ fún mi, mo ra gíga tí n ó fi gòkè rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé jíìpù náà wálé, mo ti dé iwájú ilé kí n tó rántí pé mo ti kọjá kòtò tó máa ń fọ́ ọpọ́n ọ́ìlì mi.

Àṣà àti máa fi ògbólógbòó mọ́tò gba òmíràn, ká fi owó díẹ̀ lé e, òun náà ní ìtàn. Ní ọdún 1920 sókè, Alfred Sloan, ọ̀gá General Motors ní Amẹ́ríkà, fi í ṣe ọ̀kan nínú ọgbọ́n tó fi ta mọ́tò ju Ford lọ: gbé ti àná wá, kí o san ìyókù díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀dá wa níbí, kò sí díẹ̀díẹ̀. Owó ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn 2009, ìjọba Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ dá sí i: ẹni tó bá gbé mọ́tò àtijọ́ tó ń jẹ epo wá, wọ́n á fi owó ràn án lọ́wọ́ láti ra tuntun. Èyí tó lé ní 670,000 mọ́tò ni wọ́n gbà láàárín oṣù bíi méjì, jíìpù àti ọkọ̀ ẹrù ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ohun tó dun àwọn tó ń kó tòkunbọ̀ wọlé ni pé wọn ò jẹ́ kí wọ́n tà wọ́n. Wọ́n da nǹkan olómi kan sínú ẹ́ńjìnnì wọn, wọ́n tẹ epo títí ó fi gan pa. Mo rántí pé mo rí i lórí tẹlifíṣọ̀n, ó dà bí ẹni ń wo bí wọ́n ṣe ń da ọbẹ̀ tó dáa nù.

Ẹ má sì jẹ́ kí n yin jíìpù kọjá bó ṣe yẹ. Ohun tó ga ló rọrùn láti dojú dé. Ní 2000, Firestone pe táyà tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà padà ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn tí Ford Explorer ti ń dojú dé nígbà tí táyà bá bẹ́ lórí eré, tí èèyàn tó lé ní 200 sì kú. Níbi tí a ti ń ra táyà tòkunbọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà láì wo ọjọ́ orí rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn.

Kókó tí mo ń lọ nìyí. Nígbà tí àwọn tó lówó ní Ìmùṣin ń gun bọ̀gìnnì, kòtò ń dùn wọ́n. Wọ́n máa ń dá owó jọ, wọ́n á ra yangí, wọ́n á pe àwọn ọmọkùnrin àdúgbò láti dí i kí ọdún Iléyá tàbí Kérésì tó dé. Wọ́n máa ń kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀ ní Ògbèrè, wọ́n sì mọ ẹni tí wọn ó rí ní Abẹ́òkúta. Nígbà tí wọ́n gun jíìpù tán, ọ̀rọ̀ ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀ nínú ìwé ìpàdé ìdàgbàsókè ìlú. Kò sí ẹni tó pinnu bẹ́ẹ̀. Kòtò ò kàn dé ọ̀dọ̀ wọn mọ́ ni. Ẹni tó wá kù nínú kòtò ni ọlọ́kadà, ọkọ̀ èrò Micra, aboyún tó ń lọ sí ọsibítù, àti àwọn ìyá tó ń kó gàárì Ìjẹ̀bú lọ sọ́jà nínú bọ́ọ̀sì tí ilẹ̀ rẹ̀ ti jẹrà. Owó ọkọ̀ tó ń wọ́n nítorí ọ̀nà, orí gàárì ni wọ́n ń gbé e lé, ẹni tó ń gun jíìpù sì ń rà á láì béèrè ìdí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìmùṣin, ó ṣẹlẹ̀ ní Abuja pẹ̀lú, ní gbangba. Ní 2023, nígbà tí ariwo ta pé àwọn aṣòfin àpapọ̀ fẹ́ ra Land Cruiser, tí àwọn ìwé ìròyìn kọ ọ́ pé ọ̀kọ̀ọ̀kan tó mílíọ̀nù 160 náírà, Sẹ́nétọ̀ Sunday Karimi jáde láti gbèjà wọn. Lára ohun tó wí ni pé ọ̀nà Nàìjíríà burú, jíìpù yẹn ló lè pẹ́ lórí rẹ̀. Òtítọ́ pọ́ńbélé ló sọ, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó bí mi nínú. Àwọn tó ń buwọ́ lu owó ọ̀nà ni wọ́n ń sọ fún wa pé àwọn ti ra ohun tí àwọn ó fi fò ó.

Àmọ́ ayé ń yí. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, jálá epo kan ní Èkó kúrò ní nǹkan bí 185 náírà bọ́ sí 488. Nígbà tó di oṣù kẹwàá ọdún 2024, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di 1,000. Jíìpù tí Amẹ́ríkà ṣe nítorí òfin epo tí kò le wá ń jẹ epo wa bí àgbàdo. Ẹni tó ń ti Èkó wá sí Ìmùṣin lọ́sẹ̀ méjì-méjì wá ń wá lóṣù méjì-méjì. Àwọn àgbà ní ẹni gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Àwọn tó ń ta mọ́tò ní Ìjẹ̀bú-Òde ń sọ fún mi pé pàṣípààrọ̀ ti yí ojú padà: jíìpù ni wọ́n ń gbé wá báyìí, ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré tí kì í jẹ epo ni wọ́n ń béèrè. Ẹnì kan nínú wọn ní jíìpù oní-ẹ́ńjìnnì ńlá ti pọ̀ lọ́gbà òun débi pé òun ò tún gbà wọ́n mọ́, àfi kí olówó rẹ̀ fojú di iye tí òun bá dá lé e.

Àwọn tó bọ́ sílẹ̀ láti orí jíìpù bá kòtò níbi tí wọ́n fi wọ́n sí ní ọdún 2010. Wọ́n ti jìn sí i. Ní ìpàdé ìlú tí a ṣe kẹ́yìn, ọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Corolla àtijọ́ dípò jíìpù rẹ̀ ló kọ́kọ́ nawọ́ sókè, kí alága tó gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀ tán. Iye tí tipa yangí kan jẹ́ báyìí ló fẹ́ mọ̀.